Ọṣẹ ìfọyín fún ológbò tí ara rẹ̀ gbẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ìlọrin, tí ètè ọmọ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í là, ara ológbò náà kì í gbẹ́yìn. Ẹ ó fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, ìpẹ́pẹ́ funfun á bá ọwọ́ yín jáde. Ìgbà yẹn ni àwọn tó ń fọ eyín ológbò wọn, tàbí tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, máa ń wá ọṣẹ tí kò ní le jù fún un. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí, láti Tanke títí dé Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán, pẹ̀lú ìdáhùn mi.

Kí ló pa ọṣẹ ìfọyín pọ̀ mọ́ awọ ara?

Ahọ́n ni kànìnkànìn ológbò. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ sẹ́yìn ló kún orí rẹ̀. Òun ló fi ń ya irun, tó fi ń kó èyí tó ti kú kúrò, tó sì fi ń tan ọ̀rá ara rẹ̀ káàkiri kí awọ má baà gbẹ. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ẹnu gbà kan awọ. Èkíní, bí eyín tàbí èrìgì bá ń ro ológbò, kò ní lá ara rẹ̀ dáadáa mọ́. Irun á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ pọ̀, ìpẹ́pẹ́ á sì jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítòsí ìdí ìrù. Ẹni tó ni ín á máa wá ìpara kiri, bẹ́ẹ̀ ẹnu ló yẹ kó yẹ̀ wò. Èkejì, ológbò kò mọ bí a ṣe ń tu ọṣẹ dànù. Díẹ̀ á wọ ikùn rẹ̀, díẹ̀ á kù sórí ahọ́n, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ahọ́n yẹn kan náà lá àyà, ẹsẹ̀ àti ikùn. Ohun tó bá ta á lẹ́nu lè ta á lára.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn nínú gbogbo ìdáhùn tó kù: ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹnu, ẹ mọ ohun tó ń ṣe awọ, kí ẹ tó náwó sórí ọṣẹ.

Ṣé ọṣẹ ìfọyín kan wà tó ń wo ara gbígbẹ sàn?

Kò sí. Bí ẹnì kan bá ní òun ń tà á, ẹ má rà á.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹnu ń ro ológbò mi? Ó ṣì ń jẹun.

Ológbò lè máa jẹun títí ẹnu rẹ̀ á fi bàjẹ́ gidi, nítorí ó mọ bí a ṣe ń fi ìrora pamọ́. Ẹ má wo bóyá ó ń jẹ. Bó ṣe ń jẹ ni kí ẹ wò. Mo rántí abo ológbò kan ní Gàá-Àkànbí. Ìyá tó ni ín ń fi òrí pa á lára láràárọ̀ nítorí ìpẹ́pẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé ẹja Títùs síwájú rẹ̀, ó sáré débẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gé e, ó wá fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi apá òsì nìkan rún un. Ẹja bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó tún un mú, ó tún bọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú, ó fi ń nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. A rọra ká ètè rẹ̀ sókè: èrìgì tó yí eyín ẹ̀yìn ká ti wú, ó pọ́n, ìdọ̀tí líle sì ti gan mọ́ eyín náà. Lẹ́yìn tí dókítà ẹranko tọ́jú ẹnu rẹ̀ tán, ó padà sí lílá ara rẹ̀, ìpẹ́pẹ́ sì dín kù láìsí pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan pa á.

Ẹnu tó ń rùn gan-an, itọ́ tó ń kán sílẹ̀, tàbí kí ó sá fún oúnjẹ líle kí ó sì máa wá èyí tó rọ̀, àmì ni gbogbo wọn. Má rò pé ológbò tìrẹ nìkan ni. Ibùdó ìlera ológbò ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà sọ pé láàárín 50 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ológbò tó ti lé ní ọdún 4 ló ní àrùn eyín kan tàbí òmíràn.

Ṣé mi ò lè fún un ní ọṣẹ tí èmi àti àwọn ọmọ ń lò?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá o. Ọṣẹ tiwa ní fluoride nínú, ó ní ohun tó ń mú un hó, ó tún ní adùn míńtì tó ta. Ènìyàn á fi fọ ẹnu, á tu ú dànù. Ológbò á gbé gbogbo rẹ̀ mì. Fluoride máa ń da inú rẹ̀ rú, bó bá sì pọ̀, májèlé ni. Ohun tó ń hó yẹn, tí wọ́n ń kọ ní sodium lauryl sulphate, máa ń mú awọ gbẹ sí i. Ológbò tí ara rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀ kò yẹ kó bá a pàdé rárá. Ti ọmọdé kò dára jù ú lọ. Ti báékìn sódà náà rí bẹ́ẹ̀: iyọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹran kékeré.

Kí ni kí n máa wò lára pálí?

Ẹ má wo àwòrán ológbò tó ń rẹ́rìn-ín níwájú. Ẹ yí pálí náà padà, ẹ ka lẹ́tà kéékèèké tó wà lẹ́yìn. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fún ológbò ni, nítorí èyí tí wọ́n ṣe fún ajá nìkan lè ní òróró olóòórùn tí ajá gbà ṣùgbọ́n tí ológbò kò gbà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tó ń fi ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà irú èyí tó wà nínú itọ́, ṣiṣẹ́. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ glucose oxidase àti lactoperoxidase sí i. Àwọn yìí máa ń bá itọ́ ológbò ṣiṣẹ́ pọ̀ láti dín kòkòrò ẹnu kù, kò sì nílò kí ó hó. C.E.T. tí ilé iṣẹ́ Virbac ti ilẹ̀ Faransé ń ṣe wà nínú irú rẹ̀. Bí ẹ bá rí sorbitol, glycerin tàbí silica, ẹ má bẹ̀rù. Sorbitol kì í ṣe xylitol, ohun aládùn kan tí wọ́n ń fi rọ́pò ṣúgà. Xylitol ni kí ẹ sá fún, pàápàá bí ajá bá wà nínú ilé, torí ó lè já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ lójijì débi pé á kú.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù ni òróró olóòórùn: tea tree, peppermint, eucalyptus, clove (kànáfùrù), cinnamon. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí ẹ̀dọ̀ tiwa ní láti tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ká kó sì lé e jáde. Ìdí kan náà ni parasitamọ́ọ̀lù, tí a ń lò fún orí fífọ́, fi lè pa ológbò. Bí ẹ bá rí wọn lára pálí, ẹ dá a padà sórí igbá, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ pé láti inú ewé àti egbò ni. Bákan náà ni èédú tí wọ́n ń pò mọ́ ọṣẹ, torí ó máa ń ha eyín.

Láàárín ọjà méjì tó dọ́gba, mo máa ń mú èyí tí ohun tí wọ́n pò sí i kéré jù. Bí ara ológbò bá kọ nǹkan kan nínú rẹ̀, á rọrùn láti mọ èyí tó jẹ́. Àmì VOHC náà wúlò. Ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997 ló ń fi í fún ọjà tó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun dín ìdọ̀tí eyín kù. Ọ̀rọ̀ eyín ni àmì yẹn ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa awọ.

Adùn wo ni kí n mú: adìẹ, ẹja, tàbí màlúù?

Fún ológbò tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, èyí tó bá ṣáà ti fẹ́ràn ni. Ológbò kì í tọ́ ṣúgà wò, nítorí náà adùn ṣúgà kò já mọ́ nǹkan kan fún un. Ẹran ló mọ̀.

Fún èyí tí ara rẹ̀ ń gbẹ tó sì ń yún ún, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹran kan pàtó ni ara rẹ̀ kò gbà, màlúù, adìẹ àti ẹja ló sì wọ́pọ̀ jù nínú irú rẹ̀. Dókítà lè ní kí ẹ fi oúnjẹ kan ṣoṣo bọ́ ọ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 8 kí ó lè wo ohun tó ń dà á láàmú. Láàárín àkókò yẹn, ọṣẹ ìfọyín aládùn adìẹ lè ba gbogbo ìwádìí náà jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni, ìwọ̀nba kékeré ni, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ara máa yún lọ, kí ẹ wá rò pé oúnjẹ tuntun kò ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń fọ eyín rẹ̀. Bí kò bá sí ọṣẹ tí adùn rẹ̀ bá oúnjẹ náà mu, ẹ fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ fọ̀ ọ́ títí ọ̀sẹ̀ náà á fi pé.

Mùsùlùmí ni mí. Ṣé kò lè jẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọṣẹ náà?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Adùn ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ wọ́pọ̀ nínú oògùn ẹranko tó ń ti òkè òkun wá. Pálí tó bá kọ “ẹran” lásán láì dárúkọ ẹran náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ mú èyí tó dárúkọ adìẹ, ẹja tàbí ọkà bálì, bí ọkàn yín kò bá sì balẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ti òfin ẹ̀sìn, àáfà yín ló ni kí ẹ bi. Gbogbo wa la ṣáà mọ hádíìsì tí Ànọ́bì, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ti sọ pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, pé ó wà lára àwọn tó ń yí wa ká nínú ilé. Títọ́jú ẹnu rẹ̀ kò jìnnà sí ẹ̀tọ́ tó ní lára wa.

Ohun kan tún wà níbẹ̀: ẹran tí wọn kò dárúkọ kò dára fún ológbò tí ara rẹ̀ ń yún náà, ẹ̀sìn yòówù kí ẹ máa ṣe.

Ìyá mi àgbà ní Òmù-Àrán ní kí n se orin àtá, kí n fi omi rẹ̀ nu ún lẹ́nu. Àbúrò mi ní kànáfùrù ni.

Àwọn àgbà kò purọ́ nípa ẹnu ènìyàn. Orin àtá ti fọ eyín baba ńlá wa mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ta yẹn gan-an á mú kí ológbò máa da itọ́, kí ó máa họ ẹnu, kí ó sì má jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan òun mọ́. Kànáfùrù burú ju ìyẹn lọ, torí òróró inú rẹ̀ wà lára àwọn tí mo sọ pé ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú ká. Iyọ̀, kánún, ọsàn wẹ́wẹ́: rárá sí gbogbo wọn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún Màmá pé ẹ̀dọ̀ ológbò kò rí bíi tiwa.

Níbo ni mo ti lè rí i rà ní Ìlọrin?

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹranko tó wà nígboro ń tọ́jú àwọn olùsìn adìẹ àti àgùntàn, nítorí náà ẹ lè má bá a lórí igbá. Ẹ ní kí wọ́n bá yín béèrè rẹ̀ láti Èkó. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin wà fún àyẹ̀wò ẹnu àti awọ pa pọ̀, ibẹ̀ ni mo sì máa ń ní kí ènìyàn kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ sì wò ó bóyá wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀. Ooru kì í jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù pẹ́. Ọṣẹ tó ti jókòó sínú oòrùn oṣù kẹta níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gbà á ní ẹ̀dínwó. Nílé, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù.

Báwo ni mo ṣe máa dán an wò kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ tàbí ọṣẹ tí ẹ fi ń fọ ibùsùn rẹ̀, ẹ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì ná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èyí tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ sí orí ìka, ẹ jẹ́ kó lá a. Ẹ má fún un mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì, ẹ wo àgbọ̀n rẹ̀ àti igun ètè: ṣé ó pọ́n, ṣé ó wú, ṣé ó ń họ ọ́? Ṣé ó bì, àbí inú rẹ̀ ṣí? Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ tún un ṣe fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó fi kan eyín.

Bí ó bá pọ́n lágbọ̀n, ẹ wo abọ́ oúnjẹ rẹ̀ pẹ̀lú. Abọ́ rọ́bà tí nǹkan ti ha lára máa ń fa ìléròrò sí àgbọ̀n ológbò. Tánganran tàbí irin tí kì í dípẹtà dára jù, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Báwo ni mo ṣe máa fọ eyín ọ̀hún láìjẹ́ pé ó ya mí lọ́wọ́?

Díẹ̀díẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kàn fi ìka pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá tù ú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ẹ fún un ní ẹja wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ká ètè rẹ̀ sókè fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kí ó tó bínú. Lẹ́yìn ìyẹn ni aṣọ rírọ̀ tí ẹ wé mọ́ ìka, tàbí búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣe fún ológbò. Ẹ jókòó sí ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ má dojú kọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìta eyín ni kí ẹ fọ̀, apá ẹ̀yìn lókè pàápàá. Ẹ̀gbẹ́ inú, ahọ́n rẹ̀ ń tọ́jú ibẹ̀ díẹ̀. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú fún apá kan ti tó. Ẹ fi aṣọ tútù nu èyí tó bá yí irun àgbọ̀n rẹ̀, kó má gbẹ síbẹ̀.

Bó bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Eyín ológbò tín-ín-rín, ó máa ń ti kòkòrò wọ inú ẹran ara lọ jìnnà. Àrùn dìgbòlugi náà kì í ṣe ti ajá nìkan, ẹ jẹ́ kí ológbò yín máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀?

Ojoojúmọ́ ló dára jù, torí láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ìdọ̀tí rírọ̀ á ti di líle. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó má dín sí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Nǹkan líle aláwọ̀ ilẹ̀ ti wà lára eyín rẹ̀. Ṣé ọṣẹ á yọ ọ́?

Kò lè yọ ọ́. Dókítà ló máa fi oògùn kùn ún lóorun kí ó tó ha á kúrò. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí èékánná gbìyànjú rẹ̀, ẹ ó fọ́ eyín. Bí èrìgì bá sì wú, ẹ dáwọ́ fífọ̀ dúró títí wọ́n á fi tọ́jú rẹ̀. Ológbò tí ẹ bá fọ eyín rẹ̀ nínú ìrora kò ní gbàgbé.

Bí kì í bá ṣe ẹnu, kí ló lè mú ara rẹ̀ gbẹ?

Ọyẹ́ jẹ́ ọ̀kan, ó sì máa ń lọ bí òjò bá dé. Èyí tí kò bá òjò lọ ni kí ẹ wá ìdí rẹ̀.

Oúnjẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀pọ̀ ológbò wa ló ń gbé lórí àmàlà, túwó àti èérún ọbẹ̀. Ẹran ni Ọlọ́run dá ológbò láti jẹ. Bí kò bá rí ẹran, ẹja tàbí ẹyin tó, awọ rẹ̀ kò ní rí ọ̀rá tó nílò, òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa kò sì lè rọ́pò rẹ̀, torí ara rẹ̀ kò mọ bó ṣe lè fi ọ̀rá inú ewéko ṣe ti ẹran. Ẹja sísè láì sí iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà dára. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, nítorí náà wàrà tí wọ́n ti sè mọ́ ọbẹ̀, ẹ má fún un.

Ẹ wo kòkòrò ara náà. Ẹ fi kóòmù eléyín tín-ín-rín ya irun rẹ̀ sórí bébà funfun. Bí ẹ bá rí èérún dúdú tó ń di pupa nígbà tí ẹ bá ta omi sí i, ìgbẹ́ yọ̀rọ̀ ni. Bí ìpẹ́pẹ́ bá ń rìn fúnra rẹ̀, kòkòrò awọ kan ló ń tì í. Bí irun bá re ní róbótó, tí ara àwọn ọmọ inú ilé náà sì ń yún, làpálàpá ni kí ẹ fura sí, ó ń ran ènìyàn.

Ológbò tó sanra jù, tàbí àgbà tí oríkèé ń ro, ẹnu rẹ̀ kò ní tó ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ láti lá a. Àrùn kíndìnrín àti ìtọ̀ ṣúgà náà máa ń hàn lára irun. Bí omi tó ń mu bá ṣàdédé pọ̀ sí i, ẹ gbé e lọ.

Kí ni mo lè fi pa á lára ná?

Ohunkóhun tí ẹ bá fi pa á, oúnjẹ rẹ̀ ni. Òrí àti àdín àgbọn kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n bó bá lá a púpọ̀, inú rẹ̀ á ṣí, irun á sì kó eruku. Ẹ má fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Ẹ má bu Dettol tàbí Izal sí omi rẹ̀ láé. Irú omi ìpakòkòrò tó ń di funfun bẹ́ẹ̀ máa ń wọ ara ológbò, ó sì ń pa á. Òtapiápíà tí àwọn kan ń fi pa yọ̀rọ̀ lára ẹran, èmi ò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀ yín tó pé kí ẹ má ṣe é. Oògùn yọ̀rọ̀ ti ajá tó ní permethrin nínú náà ń pa ológbò. Fífi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́ àti gbígbé omi mímu sí ibi méjì nínú ilé sàn ju gbogbo ìwọ̀nyẹn lọ.

Ìgbà wo ni kí n má dúró mọ́?

Bí kò bá jẹun fún odindi ọjọ́ kan. Ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lè kú. Ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ojú tó wú lápá kan, tàbí egbò lára awọ náà kò ṣeé fi di ọ̀la.

Mi ò rí ọṣẹ kankan rà. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ má fi í sílẹ̀. Fífi nǹkan ra eyín ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọṣẹ ń ràn án lọ́wọ́, ó sì ń jẹ́ kó dùn mọ́ ológbò. Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ti aṣọ funfun rírọ̀ bọ̀ ọ́, ẹ wé e mọ́ ìka, ẹ fi nu ẹ̀gbẹ́ ìta eyín rẹ̀ lálẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gba ẹja, ẹ lè ti aṣọ náà bọ omi ẹja sísè tí kò ní èròjà kankan, kó lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí ọṣẹ bá dé láti Èkó, yóò bá a tí ọwọ́ yín ti mọ́ ọn lára lẹ́nu.